Kúúkì Tó La Dádì Lẹ́nu

Lánàá, mo wà lórí ìlà ní ilé ìtajà kan ní Riverdale, nílùú òyìnbó níbí, inú ti ń bí mi gan-an torí pé àwọn obìnrin méjì tó wà níwájú mi ò sún, ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń sọ. Èyí tó kéré wọ scrubs, aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì, ó di páálí ìyẹ̀fun pancake mix mú, ó ń kúnlẹ̀ kí èyí àgbà.

"Aunty, ẹ ṣé o! Àtìgbà tí dókítà ti ní Dádì ní ìtọ̀ ṣúgà, tí mo gba mínírà lọ́wọ́ wọn, wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko!"

"Ṣé o ṣe kúúkì yẹn bí mo ṣe sọ?"

"Mo kọ́kọ́ bà á jẹ́, mà. Mo da omi sí i bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára páálí, ló bá di pancake."

"Ìwọ olódo yìí! Mo ní kó o fi peanut butter, ẹyin, àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti rọ̀ dípò ṣúgà pò ó. Ta ló dárúkọ omi?"

"Mo ti tún un ṣe, mà. Dádì jẹ ẹyọ kan, wọ́n ní, 'Kúlíkúlí òyìnbó rèé.' Ni wọ́n bá fi oríkì mi pè mí. Aunty, oríkì mi!"

"Ẹyọ méjì ni kó o máa fún wọn o!"

"Mo kó ìyókù pamọ́ sínú microwave. Wọ́n ti rí i."

Èmi tí mo fẹ́ pariwo, ẹ̀rín ni mo ń rín. Nígbà tí mo dé inú mọ́tò, mo pe dádì mi ní Ìbàdàn. Mo kàn fẹ́ gbọ́ oríkì tèmi náà ni.