Iye Tí Mo Pe Àwọn Ọ̀bẹ Mi

Ìwọ gan-an ni mo wá bá, onígbàjámọ̀, má wulẹ̀ máa wò mí bí ẹni tí kò mọ ohun tó ṣe! Jẹ́ kí n jókòó ná. Ta aṣọ yẹn mọ́ mi lọ́rùn, fá irùngbọ̀n mi, ṣùgbọ́n bí o ti ń fá a ni wàá máa gbọ́ tẹnu mi, torí ẹrù yìí, èmi nìkan kọ́ ló máa rù ú. Ta ló júwe ilé mi fún ọmọkùnrin tó wá ra ọ̀bẹ lánàá? Ta ló ní kí ó yà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, kí ó kan ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé? Ìwọ ni! Ó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́! Ìwọ tí a jọ ń rìn láti ìgbà tí irun ṣì wà lórí mi! Ṣé o mọ̀ pé ọmọ mi ló rán an? Má mi orí, abẹ wà lọ́wọ́ rẹ. Fẹnu sọ ọ́. O mọ̀ àbí o ò mọ̀?

Ó mọ̀! Ẹ gbà mí o! Ó mọ̀, ó sì ń fi abẹ kọjá lọ́nà ọ̀fun mi bí ẹni tí kò da omi rú rí!

Bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni mo lẹ ìwé mọ́ ògiri rẹ níbí pé mo ń ta ọ̀bẹ. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni mo ní kí o máa júwe ilé fún oníbàárà. Oníbàárà ni mo wí, n kò wí pé amí! Ọkùnrin tó ti se oúnjẹ fún atukọ̀ láti èbúté dé èbúté, tí ìjì kò mú bì rí, tó mọ olè lójú kó tó na ọwọ́, ni ọmọ bíbí inú rẹ̀ àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá dẹ páńpẹ́ fún bí ẹni dẹ ẹ́ fún òkété. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀? Mo ní, ṣé ó dáa?

O mọ àwọn ọ̀bẹ náà. Ìgbà tí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi á wá ọtí lọ, wọ́n á wá obìnrin lọ, wọ́n á padà pẹ̀lú orí fífọ́ àti àpò òfìfo. Èmi, ọ̀bẹ ni mo máa ń wá lọ. Ọ̀bẹ apẹja tí ojú rẹ̀ tín-ín-rín bí ewé. Ọ̀bẹ darandaran tó ń ká sínú èkù ara rẹ̀. Èyí tí alágbẹ̀dẹ kan rọ, tó ká irin lé irin títí ojú rẹ̀ fi ní ìlà bí omi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Àti èyí tí wọ́n fi egungun ẹja ńlá ṣe èkù rẹ̀, tí mo fi aago ọwọ́ mi pààrọ̀, tí mo sì délé tí mo ní wọ́n jí aago náà gbé. N kò fi ọ̀kankan nínú wọn gé àlùbọ́sà rí láyé mi. Orí ògiri ni wọ́n wà, láti ẹnu ọ̀nà dé fèrèsé. Ìyàwó mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, orogún ló máa ń pè wọ́n. "Mo ti bá ẹ nu àwọn orogún mi lójú o." Bó ṣe máa ń wí nìyẹn. Ẹ̀fẹ̀ ló ń ṣe, àbí ẹ̀fẹ̀ kọ́, n kò bi í léèrè kí ó tó lọ.

Rọra! Etí mi nìyẹn, kì í ṣe irun!

Ta ló sọ pé n kò fẹ́ tà wọ́n? Ọmọ mi ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ? Nọ́ọ̀sì ni, bí ó bá ti rí ọ̀bẹ, ẹ̀jẹ̀ ló ń rò. Kò sí ẹ̀jẹ̀ kankan! Gbọ́ bó ṣe rí. Ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di nǹkan mú dìde. Mo kó ọ̀bẹ mélòó kan sórí tábìlì, mo fẹ́ fi òróró pa wọ́n. Ọmọ di etí aṣọ tábìlì mú, ó fà á. Ọ̀bẹ apẹja já bọ́, ó sì dúró gbọn-in nínú ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò kàn án! Mo fi ojú mi méjèèjì búra, kò kàn án!

Kí ni mo ṣe? Èmi lo ń bi bẹ́ẹ̀? Kí lo rò pé mo ṣe?

Ó dáa. Yọ abẹ kúrò lọ́rùn mi ná kí n tó sọ èyí. Ọ̀bẹ ni mo kọ́kọ́ gbé. Mo fà á yọ lára ẹní, mo gbé e sí ìmọ́lẹ̀, mo ń wò ó bóyá ṣóńṣó rẹ̀ ti ṣẹ́. Ọmọ ń sunkún lẹ́sẹ̀ mi, èmi ń wo ṣóńṣó ọ̀bẹ. Ìyá rẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó rí i. Ìbá pariwo, ìbá bú mi, mo mọ ọ̀nà tí mo máa gbà fèsì. Kò pariwo. Ó kàn ní, "Ọ̀bẹ lẹ kọ́kọ́ gbé, Bàbá." Ó pọn ọmọ rẹ̀, ó lọ. Nígbà tó pè mí lórí fóònù, ó ní ọjọ́ tí ògiri yẹn bá ṣófo ni òun máa gbé ọmọ wá. Mo ní kò ní pẹ́, mo máa tà wọ́n dànù.

Mo sì jókòó láti dá iye lé wọn. Ìwọ náà tà wọ́n wò ná! Iye irin ha ni iye ọ̀bẹ bí? Mo gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan sójú, mo bi ara mi pé, eélòó ni ènìyàn máa fún mi tí n kò fi ní sunkún? Mo wá fi ìlọ́po mẹ́ta lé e. Èyí tó yẹ kó jẹ́ owó bàtà, mo pè é ní owó fíríìjì. Èyí tó yẹ kó jẹ́ owó fíríìjì, mo pè é ní owó ilẹ̀ tó kọjú sí títì. Mo kọ ọ́ sára páálí pélébé, mo fi òwú so ó mọ́ èkù. Inú mi dùn. Irú ọjà tí ẹnikẹ́ni ò ní rà rèé, ìwé ìpolówó sì wà ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀: ta ló lè sọ pé n kò ta?

Àwọn ènìyàn wá. Alápatà wá, ó fi àtàǹpàkò yẹ ẹnu ọ̀bẹ kan wò, ó bi mí pé ṣé ó lè bó awọ. Mo sọ iye rẹ̀. Ó yí àkọ̀ dà, ó gbọ̀n ọ́n, ó ní, "Mo ń wò ó bóyá màlúù wà nínú rẹ̀ ni." Olùkọ́ àgbà tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń gún iyán lójú oorun wá, ó fẹ́ èyí tó máa fi ṣí lẹ́tà. Mo ní ta ló ń kọ lẹ́tà sí i? Ìyàwó tuntun kan wá, ó ní ọ̀bẹ ilé ìdáná òun ti kú. Mo lé e jáde bí ẹni lé ewúrẹ́. Bí wọ́n bá ti lọ tán, màá pe ọmọ mi. "Ọjà ò yá o, ọmọ mi. Ayé le. Àwọn ènìyàn ò lówó lọ́wọ́." Ó sì máa ń ní, "Ó dáa, Bàbá." Ó dáa! Ó ti mọ̀! Ọmọ tí mo bí, ó mọ irọ́ mi bí ó ṣe mọ ohùn mi.

Àfi bí ọmọkùnrin yín ṣe wọlé lánàá. Ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó ní eélòó lèyí. Mo sọ. Ó ní, "Ó dáa, Bàbá," ó gbé owó kalẹ̀. Èyí ńkọ́? "Ó dáa, Bàbá." Kò ná an! Ẹni tó bá rajà tí kò ná an, bí kò bá jẹ́ olè, a jẹ́ pé orí rẹ̀ ti yí. Òógùn bò mí. Mo ní mo ṣi iye yẹn kọ, ìlọ́po méjì ni. "Kò burú, Bàbá." Mo ní kò mú. Ó ní òun ò ní fi gé nǹkan. Mo ní èkù rẹ̀ ti sán. Ó fọwọ́ pa á, ó ní kò sán o. Irọ́ wá ń dà lẹ́nu mi bí omi ẹ̀rọ: mo ní ẹni tó ni èyí tẹ́lẹ̀, ọ̀bẹ náà ló pa á. Ó ní, "Kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un," ó sì san owó rẹ̀! Ó wá na ọwọ́ sí èyí tó ní èkù egungun ẹja. Onígbàjámọ̀, n kò mọ ìgbà tí mo já a gbà. Mo gbé e mọ́ ikùn báyìí, bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ gba bisikíìtì lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní ọjà ti tú! Kó owó ẹ! Jáde!

Kò bínú. Ó kó owó náà jọ. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà. Ó ní, "Bàbá, ọkọ̀ ni mo ń wà nílé ìwòsàn tí ọmọ yín ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn ló fún mi lówó yìí. Wọ́n ní iye yòówù tí ẹ bá pè é, kí n san án, pé ẹ ti jìyà lórí àwọn ọ̀bẹ yìí, àwọn ò fẹ́ kí ẹ pàdánù." Ó ní, "Wọ́n wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú ọmọ. Bí ògiri bá ṣófo, kí n juwọ́ sí wọn kí wọ́n wọlé."

Mo sáré jáde! Bó o bá ní ọmọ-ọmọ, ìwọ náà á sáré! Ọkọ̀ wà níwájú ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, ọmọ jókòó lórí itan ìyá rẹ̀, ó wọ fìlà tuntun. Mo ń ké, "Ẹ dúró! Ẹ dúró!" Àwọn tó ń gba aṣọ lọ́wọ́ aránṣọ fi aṣọ sílẹ̀, wọ́n sá wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn. N kò mọ ohun tó ń lé wọn. Ọmọ mi kò wo ojú mi. Ọwọ́ mi ló ń wò. Mo wo ọwọ́ mi.

Mo ṣì mú un dání. Ó ti jáde nínú àkọ̀. Èmi àgbà, mo ń fi ọ̀bẹ ṣíṣí sáré lọ bá ọmọ-ọmọ mi ní ọ̀sán gangan. Ìyá rẹ̀ yí gíláàsì ọkọ̀ sókè. Ọmọ náà rò pé eré ni, ó ń pàtẹ́wọ́ sí mi títí ọkọ̀ fi yà ní ìkóríta.

Wọ́n ní bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Irọ́ ni! Mo gbẹ́ tèmi lánàá, mo gbẹ́ ẹ dé egungun. Láàárọ̀ yìí aránṣọ kí mi láti inú fèrèsé, kò ṣílẹ̀kùn.

Kí lo wí? Kí n lọ bẹ̀ ẹ́? Ojú wo ni mo fẹ́ gbé lọ? Ọmọ tó fẹ́ fi owó iṣẹ́ òru ra ẹ̀tàn lọ́wọ́ mi, kí n má baà mọ̀ pé òun mọ̀! Ṣé o rí i pé òun ló ṣẹ̀ mí? Ó yẹ kí ó bú mi! Kí ló dé tí kò bú mi?

Má fèsì. Fi irùngbọ̀n ọ̀tún sílẹ̀ bó ṣe wà, aṣọ yìí, tú u. Kọ́kọ́rọ́ ilé mi rèé. Lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn rẹ pé o ti jáde, lọ sílé mi, ta gbogbo wọn. Fún alápatà, fún olùkọ́, fún ìyàwó tuntun kó fi gé àlùbọ́sà. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, fún un. Má sọ iye tí o tà wọ́n fún mi láéláé. Gbogbo wọn ni o. Àfi... rárá, gbogbo wọn. Èmi ń lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọmọ mi, bí wọn ò bá ṣílẹ̀kùn, màá sùn síbẹ̀.

Gba kọ́kọ́rọ́. Kí lo ń fi mí rẹ́rìn-ín fún? Ṣé o ò rí i pé ọwọ́ mi ò fẹ́ ṣí ni? Fà á gbà, ọ̀rẹ́ mi! Fà á tagbáratagbára!