Ojú Ewé Kẹrin

Ọ̀rọ̀ yìí ti lo ọdún kan àti oṣù mẹ́rin nínú mi. Kò jẹ́ kí oúnjẹ dùn lẹ́nu mi, kò sì jẹ́ kí n lè wo ojú ẹni tó tọ́ mi dàgbà. Lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, àwọn dókítà yóò ṣí àyà mi láti tún ọkàn mi ṣe. Wọ́n ní ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń jí lẹ́yìn irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀, mo sì gbọ́ èyí tí wọn ò sọ. Nítorí náà, kí n tó gorí bẹ́ẹ̀dì yẹn, òótọ́ gbọ́dọ̀ jáde lẹ́nu mi. Kì í ṣe pé mo ní ìgboyà o. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Ẹ̀rù ló mú mi purọ́ nígbà náà, ẹ̀rù yìí kan náà ló ń là mí lẹ́nu báyìí.

Èmi ni Akíntóyè, ọmọ bíbí Oǹdó, oníṣirò owó ní Àkúrẹ́ láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn. Ọ̀gá mi ni Olóyè Adédèjì, ẹni tó ni Orísun, ilé-iṣẹ́ tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ tó sì ń kó o lọ sókè òkun. Orísun yìí bí ọmọ kan sí Oǹdó, ilé-iṣẹ́ tó ń fún òróró kòkó, Ìṣẹ̀dá lorúkọ rẹ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún ìpín tó wà nínú Ìṣẹ̀dá, ọgọ́ta jẹ́ ti Orísun, ogójì tó kù sì jẹ́ ti ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé èyí dáadáa, torí ẹni tí kì í ṣe oníṣirò lè rò pé ìwé lásán ni. Bí ohun tó ju ìdajì ilé-iṣẹ́ kan lọ bá jẹ́ tìrẹ, tí ìwọ lò ń pàṣẹ níbẹ̀, ọmọ rẹ ni. Gbogbo ohun tó ní, gbogbo gbèsè tó jẹ, o gbọ́dọ̀ kọ ọ́ mọ́ tìrẹ, kí ayé lè rí i pé ìdílé kan ni yín. Bí ìpín rẹ kò bá tó ìdajì, tó jẹ́ pé wọ́n kàn ń fi ọ̀rọ̀ lọ̀ ọ́ ni, ìbátan rẹ ni. Ìpín tìrẹ nìkan ni wàá kà nínú èrè tàbí àdánù rẹ̀, bí àdánù náà bá sì ti jẹ owó tí o fi síbẹ̀ tán, o ti bọ́ nínú ẹ̀ nìyẹn. Èmi fúnra mi ni mo ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó wà lábẹ́ mi. Mo máa ń sọ fún wọn pé, "Ọmọ kì í ṣàìsàn ká ní a ò mọ̀ ọ́n." Mo sọ ọ́ títí ó fi sú wọn. Lọ́jọ́ tí àìsàn wá mú ọmọ, èmi gan-an ni mo ní a ò mọ̀ ọ́n.

Àìsàn náà dé lọ́dún tí owó kòkó fò sókè bí ẹyẹ. Ìṣẹ̀dá ti ṣèlérí òróró fún àwọn oníbàárà òkè òkun ní iye àtijọ́, owó kòkó tí wọn yóò fi ṣe é sì ti di ìlọ́po mẹ́ta. Gbogbo dúrọ́ọ̀mù tó ń jáde, àdánù ni. Gbèsè báǹkì ń ga sí i lóṣooṣù. Lásìkò yẹn ni Orísun alára tún ń tọrọ ẹ̀yáwó tuntun ní báǹkì mìíràn. Olóyè pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀ ní Alágbàká, ó ti ilẹ̀kùn.

Ó ní, "Akin, bí wọ́n bá rí gbèsè Oǹdó nínú ìwé Orísun, wọn ò ní yá wa ní kọ́bọ̀. Bá mi yọ ọmọ yẹn kúrò lára mi."

Mo ní, "Ọ̀gá, ọgọ́ta lẹ ní níbẹ̀."

"Sọ ọ́ di ogójì. Wá ẹni tí yóò bá wa di ogún mú. Ẹni tí kò ní dà wá, tẹ́nikẹ́ni ò sì ní mọ̀ pé tiwa ni."

Ó yẹ kí n kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n mo ní ọmọ méjì ní yunifásítì, mo sì ń kọ́lé lọ́wọ́ ní Ọ̀bà-Ilé. Ẹ ẹ̀ rí i, àwáwí olè náà ni mò ń wí yìí. Orúkọ kan ṣoṣo ló wá sí mi lọ́kàn kí n tó dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn: Àǹtí Ìbídùnní, ẹ̀gbọ́n mi.

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mo wà nígbà tí ìyá wa kú. Àǹtí mi ló gbà mí tọ́. Ọdún mẹ́rin gbáko ni wọ́n fi sún ìgbéyàwó wọn síwájú, wọ́n ń fi owó oṣù olùkọ́ san owó ilé-ìwé mi. Olùkọ́ àgbà ni wọ́n títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, kò sì sí ọmọ tó gba abẹ́ wọn kọjá ní Oǹdó tí kò mọ gbólóhùn tí wọ́n máa ń kọ sórí pátákó: *Kà á tán kí o tó dáhùn.* Àwọn ọmọ a máa pè wọ́n ní Mìsì Kà-á-tán lẹ́yìn. Rúlà wọn ti ba ìka mi lẹ́ẹ̀mélòó nítorí pé mo kánjú dáhùn. Ọkọ wọn, olóògbé Akíntúndé, fi ilé kan sílẹ̀ fún wọn ní Odòjọmù. Èmi ni wọ́n fún ní ìwé ilé náà pé kí n bá wọn fi sínú àpótí irin mi, torí wọ́n ní ibẹ̀ ni olè kò lè dé. Orúkọ ọkọ ni wọ́n ń jẹ́, kò sí oníbáǹkì tó lè mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n.

Ojú ewé mẹ́ta ló yẹ kí wọ́n fọwọ́ sí láti di onípìn-ín. Ṣùgbọ́n báǹkì tó yá Ìṣẹ̀dá lówó gbọ́ pé Orísun fẹ́ fà sẹ́yìn, wọ́n sì ní àfi kí onípìn-ín tuntun dúró fún gbèsè náà. Mo sọ fún Olóyè, ẹni tó ti mọ̀ pé èmi ni mo ń tọ́jú ìwé ilé Àǹtí mi. Ó wò mí, ó ní, "Ìwé ilé wọn kò ha wà lọ́wọ́ ẹ?" Bí ojú ewé kẹrin ṣe wọ àárín àwọn yòókù nìyẹn. Ohun tó sọ ni pé Ìyáàfin Ìbídùnní Akíntúndé dúró fún gbogbo gbèsè Ìṣẹ̀dá, wọ́n sì fi ilé wọn dógò. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́. Mo ṣi orúkọ wọn tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́ ìkórè ìjọ wọn ni mo yàn. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Mo mọ̀ pé pálọ̀ yóò kún, pé iyán yóò wà nílẹ̀, pé àwọn olùkọ́ tí wọ́n jọ fẹ̀yìn tì yóò jókòó yí wọn ká. Nígbà tí ẹ̀rín ń lọ lọ́wọ́, mo fa ìwé yọ, mo ní, "Àǹtí mi, ẹ bá mi fọwọ́ sí èyí. Ibi iṣẹ́ ní kí ẹni tó mọ̀ mí jẹ́rìí sí ìwà mi."

Wọ́n fọwọ́ wá ojú wọn. "Awò ojú mi wà ní yàrá. Jẹ́ kí n lọ mú un."

Mo rẹ́rìn-ín, mo sì gbé ohùn sókè kí gbogbo ilé lè gbọ́: "Há, Àǹtí! Ìwé tí èmi Akin mú wá lẹ tún fẹ́ yẹ̀ wò?"

Ẹ̀rín sọ. Ìyá kan ní, "Mìsì Kà-á-tán, ẹ fi ọmọ yín sílẹ̀ o!" Ojú ti ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí àgbà bá ń ka ìwé àbúrò rẹ̀ lójú àlejò, bí ẹni pé ó fi olè pè é ni. Wọ́n jókòó padà. Wọ́n gba bírò, wọ́n fọwọ́ sí i níbi mẹ́rin tí mo nàka sí, wọ́n sì tún ní, "Kí Ọlọ́run jẹ́ kó yọrí sí rere fún ọ." Àdúrà ni wọ́n ṣe lé e lórí. Mo ṣe àmín.

Láti ọjọ́ náà ni ìbẹ̀rù ti di aṣọ sí mi lára. Ayẹ̀wé-owó-wò kan dé láti wá yẹ ìwé Orísun wò, ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, Tiwaladé lorúkọ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, tí ìpín yín bá ti di ogójì, ta ló ń yan máníjà Oǹdó báyìí? Bó bá jẹ́ pé Olóyè náà ló ṣì ń pàṣẹ, ọmọ yín ṣì ni, sà." Mo ní, àwọn onípìn-ín jọ ń yàn án ni. Irọ́ ni. Nínú dúrọ́ọ̀ mi ni ìwé kan wà tí èmi àti Olóyè nìkan fọwọ́ sí, pé ohunkóhun tí Olóyè bá fẹ́ ni ìpín ogún yẹn yóò máa dìbò fún. Kí ọmọbìnrin náà tó pe Oǹdó, mo ti sáré pè: "Àǹtí, bí ẹnì kan bá pè yín nípa ibi iṣẹ́ mi, ẹ ṣáà máa ní bẹ́ẹ̀ ni." Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìwé Orísun jáde mọ́ tónítóní, ẹ̀yáwó wọlé, Olóyè fún mi lówó, mo sì fi kan òrùlé ilé mi.

Kò pé oṣù mẹ́jọ tí Ìṣẹ̀dá fi ti ilẹ̀kùn. Wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ògiri ilé Odòjọmù pé báǹkì ti gbẹ́sẹ̀ lé e. Ẹ̀gbọ́n mi pè mí. Wọn ò pariwo. Wọ́n ní, "Akin, ṣé ìwé ọjọ́ ìkórè yẹn ni?" Mo pa fóònù. Mo ní nẹ́tíwọ̀kì kò dára.

Ọ̀sẹ̀ kejì, báǹkì pe gbogbo wa jọ sí ẹ̀ka wọn ní Àkúrẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi wá pẹ̀lú Ṣìkẹ́mi, ọmọ wọn. Awò ojú wọn wà lójú wọn lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n ka ojú ewé kẹrin látòkè délẹ̀, wọ́n sì rọra gbé e sílẹ̀. Ṣìkẹ́mi fò dìde: "Màámi kò mọ nǹkan kan nípa èyí! Ẹ bi àbúrò wọn!" Lọ́yà báǹkì kọjú sí mi. "Ọ̀gbẹ́ni, ṣé ìyá yìí mọ ohun tí wọ́n fọwọ́ sí?" Olóyè tẹ ẹsẹ̀ mi mọ́lẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Mo rí ẹ̀wọ̀n. Mo rí ilé mi ní Ọ̀bà-Ilé. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ọ̀rọ̀ burúkú tí mo ti ń sá fún láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyí. Mo la ẹnu mi, mo ní: "Olùkọ́ àgbà ni wọ́n. Wọn kì í fọwọ́ sí ohun tí wọn ò bá kà."

Ẹ̀gbọ́n mi wò mí pẹ́. Mo rò pé wọn yóò fi mí gégùn-ún. Wọ́n ní, "Òótọ́ ló sọ. Mo kà á." Ọmọ ọgọ́rin ọdún ó dín mẹ́rin ni wọ́n, irọ́ àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ lẹ́nu wọn nìyẹn, nítorí kí n má baà ṣẹ̀wọ̀n ni wọ́n sì fi pa á. Òwe wa ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà lọ́jà, ó ti orí mi tọ́, mo sì jẹ́ kí wọ́n lé e jáde nílé. Inú yàrá kan tí Ṣìkẹ́mi háyà ní Ìgbàrà-Òkè ni wọ́n wà báyìí, èmi wà lábẹ́ òrùlé tuntun. Bí òjò bá rọ̀ sórí páànù yẹn, mi ò lè jókòó sínú ilé.

Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù yìí ni báǹkì fẹ́ ta ilé náà. Láná, mo yọ ìwé inú dúrọ́ọ̀, mo kọ ìjẹ́wọ́ kúkúrú kan tì í, mo fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí báǹkì àti sí Tiwaladé. Olóyè gbọ́. Ó pè mí, ó ní, "Akin, ilẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n méjì lo ṣí yẹn o, tèmi àti tìrẹ." Mo mọ̀. Mi ò mọ̀ bóyá yóò tó láti dá ilé náà dúró. Ẹ̀yin ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́, ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Bí ọ̀gá yín bá ní kẹ́ ẹ sọ ọmọ di ìbátan, ẹ bi í léèrè ta ni yóò gbé gbèsè ọmọ náà, torí gbèsè kì í ṣàìní ẹni tí yóò gbé e. Ẹni tó fẹ́ràn yín jù lọ ló sábà máa ń wà nítòsí.

Àǹtí mi, Ṣìkẹ́mi ni yóò mú ìwé yìí wá fún yín. Mo ti bẹ̀ ẹ́ pé kó mú awò ojú yín dání. Mo mọ̀ yín. Ẹ ó fẹ́ dárí jì mí kẹ́ ẹ tó ṣí i, kí ojú má baà tì mí. Mo dọ̀bálẹ̀, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ jókòó, ẹ lo awò ojú yín, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ojú ewé kìíní. Ẹ kà á tán kẹ́ ẹ tó dáhùn.