Ọwọ́ Òsì Ló Rán Erin Yẹn

Ọmọ mi, jókòó kí o tó ka èyí. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé mì láti ìgbà tí o ti bí àkọ́bí rẹ ti há mi lọ́fun, mi ò sì fẹ́ gbé e wọ ilẹ̀ lọ. Èmi kọ́ ni mo rán erin aláṣọ tí ọmọ rẹ fi ń ṣeré yẹn.

Àbúrò mi obìnrin tó jẹ́ aránṣọ ni. O rántí pé ilé rẹ̀ lo dàgbà sí nígbà tí iṣẹ́ ń gbé mi kiri. Bí mo bá yọjú, wàá sá sẹ́yìn ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, wàá ké sí i pé, "Màmá, Màmá Àlejò ti dé o!" Gbogbo wa á bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tèmi kì í dé inú.

Nígbà tí àbúrò mi sọ pé ẹnu ọkọ rẹ dùn ju ọwọ́ rẹ̀ lọ, o fi ìbínú jáde, o ní o ò ní fẹsẹ̀ tẹ ilé rẹ̀ mọ́ àfi bó bá bẹ̀ ọ́. Ó bẹ̀ ọ́, ọmọ mi. Erin yẹn ni ẹ̀bẹ̀ náà.

Ìṣojú mi ló ti rán an. Ó ti gé aṣọ olódòdó tí o fi bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé, ó ki òwú sínú rẹ̀, ó ń fi òwú dúdú ya ojú rẹ̀. Mo ní, "Ṣé o ò ní bọ́tìnì ni?"

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kí ọmọ já a, kó há a lọ́fun? Ẹ̀yin ò mà tọ́mọ rí lóòótọ́!"

Àwàdà ló fi ṣe, àmọ́ ó gún mi ju abẹ́rẹ́ lọ. Ó wá gbé erin lé mi lọ́wọ́. "Ẹ bá mi sọ fún un pé mo ṣì í sọ. Kó máà bínú. Bó bá ti gbà á, màá wá gbé ọmọ."

Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí mi, mo fẹ́ jíṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí o ti rí aṣọ náà, o pariwo, "Màmá, ṣé ẹ̀yin lẹ tọ́jú aṣọ mi látọjọ́ yìí?" Màmá, láìsí Àlejò nídìí rẹ̀. O dì mọ́ mi, ò ń sunkún. Ẹnu mi ní, "Èmi ni. Èmi ni mo rán an." Nígbà tó yá, o nu ojú. "Àbúrò yín ńkọ́? Wọn ò fi nǹkan kan rán yín?" Mo mi orí pé rárá. Mo rí bí ojú rẹ ṣe yí padà, mo sì dákẹ́. Irú ìyá wo nìyẹn?

Èyí tó burú jù ṣì wà níbẹ̀. Nígbà tí mo padà, àbúrò mi ti di aṣọ rẹ̀ sínú báàgì, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Kí ló wí?" Mo wo ojú ẹni tó bá mi tọ́ ọ, mo ní, "Kò gbà á. Ó ní kí o máa tọ́jú àkísà rẹ."

Kò sunkún. Ó tú báàgì, ó ń kó aṣọ rẹ̀ padà sínú àpótí lọ́kọ̀ọ̀kan. "Àkísà," ló wí. "Ó dáa bẹ́ẹ̀." Kò dárúkọ rẹ mọ́.

Láti ìgbà náà, ẹ̀yin méjèèjì gbà pé ẹnì kejì ló dalẹ̀. Èmi ni ọ̀dàlẹ̀. Mo wá kó lọ sí ọ̀nà jíjìn, bí ẹni pé irọ́ kò mọ ọ̀nà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àkọ́bí rẹ gbé oyún rẹ̀ wá kí mi, ó mú erin náà dání, etí rẹ̀ kan ti já. "Màmá àgbà, ẹ̀yin lẹ rán an, ẹ bá mi tún un ṣe fún ọmọ mi." Mo gbé e sún mọ́ fèrèsé. Gbogbo ojú rírán rẹ̀ ló dà sí òdìkejì, torí ọlọ́wọ́ òsì ni àbúrò mi. Ìyá wa nà án títí, wọ́n ní a kì í fọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, kò yí padà. Mo rán, mo tú, mo rán, mo tú, ojú rírán tèmi kò bá tirẹ̀ mu. Ọmọ rẹ ń wò mí. Mo ní ojú ló ń dùn mí.

Mi ò ní kí o dárí jì mí lónìí. Erin tó bá lẹ́tà yìí wá ni mo ní kí o gbé, tòun ti etí tó já, lọ bá àbúrò mi. Ó ṣì wà láyé, abẹ́rẹ́ ṣì ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Má wulẹ̀ sọ̀rọ̀. Gbé e lé e lọ́wọ́ òsì.