Ọmọ Mi Ní N Kò Gbọdọ̀ Ki Bàbá Níbi Ibojì

Ó ti rẹ̀ mí, ẹ̀yin ènìyàn mi. Bí ẹ bá sọ ọ́ ní Ìrẹ̀mọ pé ó rẹ̀ mí, wọ́n á ní bóyá ẹlòmíràn lẹ ń sọ, torí wọ́n mọ̀ mí sí ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Mo ti ta òkìrìkà láti Kùtọnù dé Kánò. Mo ti fi aṣọ́bodè ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi rẹ́rìn-ín tí ó ní kí n máa kọjá. Wòlíì kan sọ fún mi rí pé òun rí mi nínú ọkọ̀ òfúrufú, mo sì bi í bóyá ó rí ẹni tó bá mi ra ìwé ìrìnnà. Kò sí ohun tí n kò lè fi rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí, mo gbìyànjú, ẹ̀rín náà kò jáde. Bàbá arúgbó kan wà lórí ìdùbúlẹ̀ àìsàn ní Modákẹ́kẹ́. Ohun méjì ló ní òun fẹ́ lọ́jọ́ tí a bá ń sin òun. Ọmọ tí mo bí nínú mi sì ti sọ pé bí mo bá ṣe ọ̀kan, òun kò ní jẹ́ kí èkejì ṣeé ṣe. Ẹ jókòó kí n rò ó fún yín, nítorí bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.

Júù ni wá. Mo mọ̀ pé ẹ ti ń wo ara yín. Ó ti mọ́ mi lára. Bàbá mi káfíńtà ni, ọmọ bíbí Ìrẹ̀mọ ní Ilé-Ifẹ̀, kò sì sí òyìnbó kankan tó wá wàásù fún un. Bíbélì ló ń kà, ó wá bi àlùfáà wọn léèrè pé, nígbà tí Ọlọ́run sinmi lọ́jọ́ keje, ta ló wá sún ìsinmi náà síwájú? Àlùfáà ní kí ó máa gbàdúrà sí i. Ó gbàdúrà sí i, kò sì padà sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ díẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé ní yàrá tí ó ń kó pákó sí. Ẹni tó sún mọ́ ọn jù nínú wọn ni Àlàbí, ọmọ Modákẹ́kẹ́, tí ó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Òun ni Bàbá tí mo ń sọ yìí. Ní gbogbo Sátidé, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn láti Modákẹ́kẹ́ wá sọ́dọ̀ wa, nítorí wọ́n ní a kì í gun kẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ ìsinmi, àti pé, gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe wí, kò sí èyí tí òun tún ṣe tó ṣeé gùn.

Ẹ má rò pé mo ń fi àwọn àgbà wọ̀nyí ṣe ẹni mímọ́. Wọ́n ṣe àṣìṣe tó lè pa ènìyàn lẹ́rìn-ín. Ìwé àdúrà kan tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti rí àkókò tí à ń tọrọ òjò. Wọn kò rò ó pé òjò ilẹ̀ Ísírẹ́lì ni. Nínú ọ̀yẹ́ tí ètè gbogbo wa là, bàbá mi á dìde pẹ̀lú fìlà pẹlẹbẹ lórí, á máa bẹ Ọlọ́run fún òjò, tí gbogbo àwọn tó sá kòkó sójú títì yóò máa wò ó bí ọ̀tá. Nígbà tí wọ́n sì kọ́kọ́ fi imọ̀ ọ̀pẹ pa àgọ́ síwájú ilé fún àjọ̀dún, àwọn ará àdúgbò rò pé àtíbàbà ìnáwó ni, ni wọ́n bá wọlé pẹ̀lú abọ́, wọ́n ń wojú ìyá mi. Ìyá aláta kan wà nítòsí wa tí kì í yéé bi ìyá mi pé, "Ìyá Júù, ṣé lóòótọ́ lẹ̀yin lẹ pa Jésù?" Ìyá mi á ní, "Ọkọ mi kò kọjá Gbọ̀ngán rí láyé rẹ̀. Ọkọ̀ wo ló fẹ́ wọ̀ débẹ̀?"

Ìyá mi yìí náà ló bẹ̀rẹ̀ ohun tó di wàhálà lónìí. Bí wọ́n bá parí àdúrà Sátidé, tí gbogbo wọn jókòó ti mọ́ínmọ́ín tí a ti sè láti ọjọ́ Ẹtì, ìyá mi á máa kì wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Yorùbá ni wọ́n, wọn kò tíì rí ọjọ́ tí ènìyàn ń dàgbà láìgbọ́ oríkì. Ṣùgbọ́n oríkì àwọn baba wa, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, kò sí èyí tí òrìṣà kò yọjú nínú rẹ̀. Ìdílé Àlàbí, ọlọ́ya ni wọ́n. Bí ìyá mi bá ti bẹ̀rẹ̀, "Àlàbí, ọmọ ẹ̀fúùfù tí ń da ewé orí igi láàmú, ọmọ abìjì-rìn má ṣubú," gbogbo wọn á ti mọ ohun tó ń bọ̀. Bó bá ti fẹ́ dórí "ọmọ Ọya," Àlàbí á húkọ́ gidi, ikọ́ tí ó lè mi ilé, yóò fi bo orúkọ náà mọ́lẹ̀. Kálukú ló ń húkọ́ síbi tirẹ̀. Bàbá mi ní tirẹ̀ a máa húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, torí ìdílé wa kò mọ òrìṣà kan ṣoṣo. Wọ́n á wá rẹ́rìn-ín, wọ́n á máa jẹun lọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe mú Mósè àti baba ńlá wọn jókòó sí ilé kan náà, tí ẹnikẹ́ni kò lé ẹnikẹ́ni jáde.

Bàbá mi kú nígbà tí Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ kọjú ìjà síra wọn. Àárọ̀ ló kú, a sì gbọ́dọ̀ sin ín kí ilẹ̀ tó ṣú, nítorí àwa kì í gbé òkú pamọ́ de ìnáwó. Àwọn ọkùnrin wa péjọ sí ibojì, wọ́n ku ẹnì kan kí wọ́n pé mẹ́wàá. Lọ́dọ̀ àwa Júù, bí ọkùnrin kò bá pé mẹ́wàá, a kò lè ka Kádíṣì, àdúrà tí à ń kà fún òkú. Ẹni kẹwàá wà ní Modákẹ́kẹ́, ìbọn sì wà láàárín. A ti gbà pé a máa bo bàbá mi láìka àdúrà, ni Àlàbí bá yọ láti inú oko kòkó, ẹ̀gún ti ya ṣòkòtò rẹ̀. Àwọn ọmọ Ifẹ̀ tó ń ṣọ́nà bi í pé, "Bàbá, níbo lẹ ti ń bọ̀?" Ó ní, "Ẹ bi mí níbi tí mò ń lọ. Òkú ọ̀rẹ́ mi ni mò ń lọ sin." Wọ́n jẹ́ kó kọjá. Wọ́n ka Kádíṣì. Ìyá mi ki ọkọ rẹ̀ délẹ̀, gbogbo àwọn àgbà yòókù húkọ́ fún un síbi tó yẹ. Bàbá mi nìkan ni kò húkọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Láti ìgbà náà ni a ti ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lọ́dún fún ìrántí àwọn àgbà, tí a ó tan fìtílà, tí a ó sọ ìtàn wọn, tí a ó sì kì wọ́n. Ìyá mi lọ, mo gbà á lẹ́nu rẹ̀. Àwọn àgbà náà ń lọ, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi ku Bàbá Modákẹ́kẹ́ nìkan. Dáníẹ́lì ọmọ mi ló wá di olórí ilé àdúrà. Ọmọ náà mọ̀wé. Orí kọ̀ǹpútà ní Mayfair, àdúgbò tó ń gbé ní Ifẹ̀ níbí, ló ti kọ́ èdè Hébérù, ó sì ń kà á bí ẹni ń ka ìwé ìròyìn. Òun ló tún gbogbo ohun tí àwọn àgbà ṣì ṣe. A kò tọrọ òjò nínú ọ̀yẹ́ bíi ti bàbá mi mọ́. Mo fi í yangàn káàkiri, n kò ní parọ́.

Níbi ìrántí tó kọjá, Bàbá wà lórí àga, a ti gbé e wá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. Bí mo ṣe dórí Ọya, Dáníẹ́lì dìde.

"Mọ́mì, ẹ dúró níbẹ̀."

"Ṣé mo ṣì í pè ni?"

"Òrìṣà lẹ pè. Nínú ilé àdúrà."

"Húkọ́ nígbà náà. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é kí wọ́n tó bí ọ."

"Ikọ́ kì í ṣe òfin, Mọ́mì."

Àwọn ọ̀dọ́ tó tẹ̀lé e mi orí. Mo bi wọ́n bóyá ọrùn ń dùn wọ́n ni. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Bàbá ń wo ilẹ̀.

Kò pẹ́ sígbà náà tí àìsàn dá Bàbá wólẹ̀. Ó ránṣẹ́ pè mí. Ó ní nǹkan méjì ni òun fẹ́: kí ọkùnrin mẹ́wàá ka Kádíṣì lórí òun, kí èmi sì ki òun níbẹ̀, kí n má fo ohunkóhun. Àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ wà ní Èkó. Wọn kò mọ̀ ọ́n kì, èyí àgbà nínú wọn tilẹ̀ sọ pé oríkì ni ègún ìdílé máa ń gbà wọlé. Mo sọ fún Bàbá pé mo ti gbọ́. Mo padà délé, mo sọ fún Dáníẹ́lì. Ó ní bí mo bá pe Ọya lórí ibojì Júù, òun àti àwọn ọ̀dọ́ yóò jáde. Bí àwọn yẹn bá jáde, ìyókù kò lè pé mẹ́wàá láéláé.

Mo bú u títí. Mo ní, "Ọkùnrin yìí la ìbọn kọjá kí àdúrà bàbá àgbà rẹ lè pé, ìwọ fẹ́ torí ikọ́ sọ tirẹ̀ di aláìpé." Ọmọ náà kò bú mi padà. Omi ló lé sí i lójú. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ rántí àwọn àlejò Júù tó wá láti òkè òkun." Mo rántí wọn. Wọ́n wò wá bí ẹni ń yẹ ọjà tó ń fura sí wò, wọ́n bi Dáníẹ́lì bóyá òótọ́ ni pé Júù ni wá àbí a ṣì ń bọ nǹkan lábẹ́lẹ̀. Òun ló dá wọn lóhùn, òun ni ojú tì. Ó ní òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún pe àwọn ọmọ òun ní ayédèrú. Ẹni tó ta òkìrìkà bíi tèmi mọ bí ó ṣe ń rí kí wọ́n máa yí ènìyàn wò lórí àtẹ bí ọjà.

Mo gbìyànjú láti yọ Ọya kúrò nínú rẹ̀. Mo dá wà nídìí ààrò, mo ń kì í láìpe orúkọ náà, ó sì dà bí ìgbà tí ènìyàn ń ki ẹni tí kò ní baba. Ni mo bá gbọ̀nà Modákẹ́kẹ́. Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n kì yín nísinsìnyí, kí etí yín gbọ́ ọ, kí n lè dákẹ́ lọ́jọ́ náà."

Ó ní, "Èmi mọ ara mi. Ṣé èmi ni mo fẹ́ mọ ẹni tí mo jẹ́ ni? Àwọn tó bá dúró sórí ibojì ló yẹ kó gbọ́ ọ. Ọmọ rẹ gan-an ló yẹ kó gbọ́ ọ."

"Ẹ mú ọ̀kan nígbà náà, Bàbá. Kádíṣì tàbí oríkì."

Ó ní, "Lọ́jọ́ tí mo wá sin bàbá rẹ, ṣé ìdajì mi ni mo gbé wá?"

Mo dìde, mo kúnlẹ̀, mo ní ó dàárọ̀. Ó ní, "Àṣàkẹ́, máa rọra lọ," ó sì fi oríkì ìdílé bàbá mi lé e, pẹ̀lú ohùn tí kò ju ti ẹyẹ lọ, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí ìyá mi ṣe máa ń sọ ọ́. Ojú ọ̀nà ni mo wà kí n tó rò ó pé kò sí ẹlòmíràn láyé tó tún ń pè mí ní Àṣàkẹ́. Mọ́mì ni mo jẹ́ fún àwọn yòókù, tàbí Ìyá Dáníẹ́lì, tàbí Ìyá Olókìrìkà.

Ẹ̀yin tí ẹ ti sin òbí, ẹ̀yin tí ẹ lọ́mọ tó gbọ́n jù yín lọ, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n kì í, kí àwọn ọkùnrin wa fọ́nká, kí a sì bò ó láìka àdúrà? Àbí kí n pa ẹnu mi yìí mọ́, kí Kádíṣì pé, kí ó sì wọlẹ̀ bí ẹni tí kò ti ibì kankan wá? Ẹ má sọ fún mi pé kí n máa gbàdúrà sí i. Àlùfáà ti sọ ìyẹn fún bàbá mi. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn, nítorí obìnrin tó ń tọ́jú Bàbá pè mí láàárọ̀ yìí. Ó ní kò gba ẹ̀kọ mu mọ́.