Ọjọ́ Tí Ìyá Ọkọ Mi Kọ Ọmọ Bíbí Inú Wọn

Nígbà tí èmi náà wà ní ọ̀dọ́, tí orúnkún mi ò tíì máa ráhùn bí mo bá fẹ́ dìde… Fọlákẹ́, jókòó dáadáa. Wọ́n ní ọ̀la ni ìwọ àti ọkọ rẹ ń lọ síwájú àwọn olùlàjà ní kóòtù Àkúrẹ́ yìí. Ó dáa. Wọ́n ti bá èmi náà là á rí. Bàbá bàbá rẹ ni mo kọ̀. Kí lo ń wò? Ṣé ẹ rò pé ẹ̀yin lẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni?

Ọkùnrin yẹn kì í lù mí o. Kì í mutí. Odì ló ń yàn! Bí inú bá ti bí i báyìí, ó parí, kò ní bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Ìyá rẹ̀, tó ń bá wa gbé ní Oǹdó, ló máa ń rán sí mi. Èmi rè é, mo jókòó níwájú rẹ̀ gan-an, á ní, "Ìyá, ẹ sọ fún un pé iyọ̀ pọ̀." Màmá á yíjú sí mi: "Ó ní iyọ̀ pọ̀." Ṣé adití ni mí ni? Ẹ gbọ́… ọjọ́ tí mo bí bàbá rẹ pàápàá, inú odì la wà. Màmá ló rán wá: "Ó ní kí n kí ọ kú ewu ọmọ."

Ó sú mi. Mo pọn ọmọ, mo wọ mọ́tò, ó di ilé bàbá mi ní Àkúrẹ́.

Wọ́n pe ìpàdé ẹbí. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló jókòó sáàárín. Ọkọ mi dé láti Oǹdó, òun àti ìyá rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní, "Akínwándé, kí ni ìyàwó rẹ ṣe fún ọ?"

Ẹ ò ní gbàgbọ́… ó tẹ orí sí etí ìyá rẹ̀: "Ẹ sọ fún wọn pé kò sí nǹkan kan."

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní, "Ṣé ẹnu ń dùn ún ni?"

Màmá bá dìde, wọ́n tún ìró wọn ró. "Ẹ̀yin àna mi, ìyàwó ní òun kọ̀ ọ́, kò burú. Èmi náà kọ̀ ọ́! Mo bí i, mo kọ́ ọ lọ́rọ̀ sísọ, kò tún ní sọ mí di ẹnu rẹ̀ títí màá fi kú." Wọ́n gbé àpò wọn, wọ́n wá jókòó tì mí.

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ojú ọkọ mi pọ́n. Ó kọjú sí mi: "Ṣé ìwọ lo kọ́ Màmá ni?"

Mo ní, "Háà! Ọ̀rọ̀ ti ń jáde!"

Bẹ́ẹ̀ la ṣe pínyà o, láìsí ìjà. Ọmọ wà lọ́dọ̀ mi, ó ń lọ sí Oǹdó bí ilé ìwé bá ti gba ìsinmi. Màmá ní ọmọ-ọmọ àwọn làwọn ń bá mi tọ́. Wọn ò padà sí Oǹdó mọ́, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé. Ọkọ mi wá ń wá wo ìyá rẹ̀. Bó bá kanlẹ̀kùn, èmi ni màá ṣí i. Ta ló tún máa rán? Díẹ̀díẹ̀, ó kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ. "Ara ńkọ́?" "Ọjà ńkọ́?" Lọ́jọ́ kan, ó gbé ẹran ìgbẹ́ dé láti oko Bọ́lọ́rundúró, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń làágùn. "Jọ̀ọ́, padà wálé."

Kí n tó lanu, Màmá ké láti yàrá: "Má tíì dá a lóhùn o! Jẹ́ kó sọ̀rọ̀ sí i!"

Mi ò padà. Mo sunkún díẹ̀, mi ò ní parọ́. Ọkùnrin náà rẹwà. Àmọ́ bó ṣe mọ ọ̀rẹ́ ṣe, kò mọ ọkọ ṣe tó bẹ́ẹ̀. A ṣáà jẹ ẹran náà.

Ayé tiyín wá rè é… lọ́yà ń bá lọ́yà sọ̀rọ̀, tọkọtaya ń wojú fóònù. Hùn. Bẹ́ ẹ bá débẹ̀ lọ́la, fẹnu ara rẹ sọ tìrẹ, kí ọkọ rẹ náà sọ tiẹ̀. Bẹ́ ẹ bá padà sílé pọ̀, inú mi á dùn. Bẹ́ ẹ bá sì pínyà, ẹ má bú ara yín. Ṣùgbọ́n má bá ìyá rẹ̀ jà o, Fọlákẹ́… obìnrin yẹn lè wúlò.