Nítorí Abẹ́ Ojú Tó Dúdú, Wọ́n Sọ Ọmọ Mi Di Ọmọ Yàhúù

Ẹ̀yin èèyàn mi, inú mi ń dùn débi pé ẹsẹ̀ mi kò fẹ́ dúró lójú kan. Síbẹ̀, bí mo bá rántí ohun tí ọmọ mi rí kí a tó dé ibi tí a dé yìí, omijé á tún lé ròrò sójú mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè kí n rò ó fún yín bó ṣe rí gan-an, nítorí bí n kò bá sọ ọ́, ọ̀rọ̀ náà lè bẹ́ mi níkùn.

Ìlú Benin ni à ń gbé, ní Ugbowo, èmi, ọkọ mi, àti Ayọ̀mídé, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún wa. Ìjẹ̀ṣà ni wá, ṣùgbọ́n ìhín la bí ọmọ náà sí. Bí ẹ bá sọ Yorùbá sí i, ó gbọ́ ọ dáadáa, àmọ́ pijin ni yóò fi dá yín lóhùn. Aṣọ ọmọ ọwọ́ ni mò ń tà ní Sapele Road, iṣẹ́ ìjọba ni bàbá rẹ̀ ń ṣe, awò ojú oníférémù dúdú kì í sì í kúrò lójú rẹ̀. Ọmọ náà gbọ́n, ẹnu rẹ̀ sì dá ṣáká. Òun ni wọ́n máa ń tì síwájú nílé ìwé bí wọ́n bá fẹ́ bá ilé ìwé mìíràn ṣe àríyànjiyàn. Láti kékeré ni abẹ́ ojú rẹ̀ méjèèjì ti dúdú bí ìgbà tí èèyàn fi èédú fà á. A kò kà á sí. Àfi ìgbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tí dúdú náà wá yọ síta gbangba, tí olúkúlùkù ń rí i kó tó rí nǹkan mìíràn lára rẹ̀.

Ẹ̀yin náà sì mọ bí ayé ti rí lóde òní. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin bá ti ní fóònù lọ́wọ́, tí ojú rẹ̀ rí bí ojú ẹni tí kò sùn, ọ̀rọ̀ ti bùṣe: wọ́n á ní yàhúù ló ń ṣe, pé ó ń jókòó ti ẹ̀rọ mọ́jú, ó ń lu òyìnbó ní jìbìtì. Obìnrin kan tí a jọ ń gbé inú ọgbà ló kọ́kọ́ sọ ọ́ sí mi létí. Mo ń sá aṣọ lọ́wọ́ ni ó ní, "Mama Ayo, your pikin no dey sleep? Wetin e dey press till day break?" Ó ń rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ náà gún mi bí abẹ́rẹ́. Mo ní ọmọ mi kì í pẹ́ kó tó sùn. Ó ní háà, òun kò kúkú sọ nǹkan kan o. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́! Kò pẹ́ tí gbogbo ọgbà fi gbọ́, ó sì dé ilé ìwé. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ: "G-boy." Orúkọ tí wọ́n ń pe àwọn ọmọ yàhúù nìyẹn.

Ayọ̀ kọ́kọ́ ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí fa fìlà bojú. Lẹ́yìn náà ló lọ ra awò dúdú, tó ń lò ó nínú òjò àti nínú òòrùn, èyí sì tún wá jẹ́ kó jọ ọmọ yàhúù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ! Ó ní òun kò ṣe àríyànjiyàn mọ́. Bí wọ́n bá gbé fóònù sókè láti ya fọ́tò, ọmọ á ti rá. Kí ni a kò ṣe? A gé kùkúḿbà lé e lójú. A gbé ṣíbí sínú fíríìjì, ó ń fi tẹ abẹ́ ojú láàárọ̀. Àṣé òun fúnra rẹ̀ ti fi owó oúnjẹ ra ìpara kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, èyí tí wọ́n ní ó ń bó dúdú kúrò. Ìpara náà ta á lójú bí ata, abẹ́ ojú wú, mo sì gbá a sọnù lọ́jọ́ náà. Bó bá ráhùn, èmi á ní, "Ṣebí ọkùnrin ni ọ́? Kò ṣe nǹkan kan." Ṣé ẹni tí nǹkan ń dùn ni wọ́n ń sọ fún pé kò ṣe nǹkan kan?

Èyí tó wá pa mí lẹ́kún ni ti bàbá rẹ̀. Wọ́n ti sọ ọ̀rọ̀ fún un lẹ́nu géètì bó ti ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Ó wọlé, kò tilẹ̀ bọ́ bàtà. Ó ní, "Ayọ̀mídé, wò mí lójú. Iṣẹ́ tí wọ́n ní ò ń ṣe yìí, ṣé òótọ́ ni?" Ọmọ yìí, tí kì í fi Yorùbá dá wa lóhùn, wo bàbá rẹ̀ títí, ó ní, "Dádì, ẹ̀yin náà?" Ó wọ yàrá lọ.

Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù nígbà tí tíṣà rẹ̀ pè mí. Ó ní wọ́n ń ya fọ́tò tí wọn yóò fi forúkọ àwọn ọmọ sílẹ̀ fún ìdánwò àṣejáde, pé Ayọ̀ dé, ó sì tún sá lọ, àti pé ẹni tí kò bá ní fọ́tò kò ní jókòó ṣe ìdánwò. Ará mi! N kò mọ bí mo ṣe ti ṣọ́ọ̀bù. Mo bọ́ sínú bọ́ọ̀sì, mo bọ́ sínú kẹ̀kẹ́, mo sáré wọlé. Orí ilẹ̀ bálùwẹ̀ ni mo ti bá a pẹ̀lú aṣọ ilé ìwé lọ́rùn, tí pọ́dà mi kún ojú rẹ̀ bí ẹni tó ṣubú sínú láfún. Ó ti fi lọ ilé ìwé bẹ́ẹ̀, kí dúdú náà má baà hàn nínú fọ́tò, wọ́n sì fi í ṣe ẹlẹ́yà débi tó fi sá. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ẹkún fẹ́ pa mí. Mo jókòó tì í nílẹ̀, mo fi aṣọ tútù nu ojú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. N kò sọ pé kò ṣe nǹkan kan. Mo ní, "Ó dùn ọ́, àbí?" Ó ní, "E dey pain me, Mummy. I no thief anybody property." Ó bú sẹ́kún bí ọmọ ọwọ́. Mo pe tíṣà, ó ní olùyàwòrán ń padà bọ̀ ní ọjọ́ Ẹtì, pé lẹ́yìn ìyẹn, ó parí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gba ọ̀dọ̀ dókítà ojú lọ. Ọ̀dọ́bìnrin ni dókítà náà, ọmọ Ẹdó. Ó bi wá léèrè: ṣé ọmọ náà máa ń sín láàárọ̀? Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé ó máa ń fi ọwọ́ ra ojú? Háà, láti ìgbà tó ti wà lẹ́yìn mi ni! Ó ní eruku ni kò bá a lára mu, òun ló ń mú ojú yún un, rírà tó sì ń ra á ló ń mú kí abẹ́ ojú túbọ̀ dúdú. Ó fún un ní oògùn tí yóò máa kán sójú, ó ní kí a máa fọ aṣọ ìrọ̀rí àti kọ́tìnnì, kí a ká kápẹ́ẹ̀tì yàrá rẹ̀ dànù, kó sì máa tètè sùn. Ó wá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní apá kan ṣì kù tí kì í ṣe ti eruku. Ó yíjú sí ọkọ mi, ó ní kó jọ̀ọ́ bọ́ awò ojú rẹ̀.

Ọkọ mi bọ́ awò. Yéè! Dúdú rèé kirikiri lábẹ́ ojú méjèèjì, tí férémù dúdú náà ti ń bò mọ́lẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá! Ọmọ tí kò bá jọ ṣòkòtò, á jọ kíjìpá lóòótọ́. Èmi tí mò ń bá ọkùnrin yìí gbé, ojú mi kò rí i! Ayọ̀ fò dìde, ó pariwo, "Daddy! So na you!" Àwa àti dókítà rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ọkọ mi ló kọ́kọ́ dáwọ́ dúró. Ó fa orí ọmọ rẹ̀ mọ́ àyà, ó ní, "Má bínú sí mi, ọmọ mi. Ojú ara mi ni mo rí tí mo pè ní ojú olè."

Ọjọ́ Ẹtì pé, àwa méjèèjì sìn ín lọ. Àwọn ọmọ ti tò sẹ́nu ọ̀nà kíláàsì. A kò tíì dúró tán tí ọ̀kan fi kígbe, "G-boy don land o!" Ayọ̀ rọra bọ́ awò dúdú rẹ̀, ó fi lé mi lọ́wọ́, ó nàka sí bàbá rẹ̀, ó ní, "Na my papa get the company. Oga, show dem!" Ṣé ẹ gbọ́ mi? Ọkọ mi, tí àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́ kì í bá ṣeré, bọ́ awò ojú, ó la ojú ràngàndàn, ó sì yí ojú sọ́tùn-ún sósì kí gbogbo wọn lè rí i! Gbogbo ìlà bú sẹ́rìn-ín, kámẹ́rà fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ olùyàwòrán. Ẹni tó kígbe náà ló kọ́kọ́ wá bọ Ayọ̀ lọ́wọ́. Ọmọ mi jókòó, ó gbójú sókè, wọ́n yà á. Mo jó! Mo jó níbẹ̀ títí tí tíṣà fi ní, "Ìyá Ayọ̀, ó tó, à ń kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́wọ́."

Ojú kò yún un mọ́ báyìí. Dúdú náà ti dínkù, kò tán. Dókítà ti sọ pé kò lè tán pátápátá, Ayọ̀ sì ní kò burú. Ó ti padà sídìí àríyànjiyàn rẹ̀. Àná ló sáré wọlé pé òun ni wọ́n tún fi ṣe aṣáájú.

Ẹ̀yin òbí, ẹ gbọ́ tèmi. Ẹ má fi ojú ọmọ ọlọ́mọ ka ìwà rẹ̀. Bí ọmọ yín bá sì ní nǹkan kan lára òun ń ba òun nínú jẹ́, bó ti wù kó kéré tó lójú yín, ẹ jókòó tì í ná, kó sọ ọ́ tán, kí ẹ tó wá ẹni tó mọ̀ ọ́n lọ. Ẹ má jẹ́ kí ó jẹ́ pé inú ilé yín gan-an ni yóò ti bi yín pé, "Ẹ̀yin náà?"