Iná Tí Mo Yàn fún Ọ̀nà Bàbá

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí mi ò tíì sọ fún ọkọ mi pàápàá. Mi ò ní parọ́, inú mi ń dùn nílé mi. Ara gbogbo wa le, ilé sì tòrò. Ṣùgbọ́n wọ́n ń yìn mí fún ohun tí mi ò ṣe, bí mi ò bá sì tètè sọ̀rọ̀ báyìí, ẹlòmíràn ló máa fara gbá a.

Ìkẹ́rẹ́ là ń gbé, abọ́ àti kúlà ni mò ń tà. Bàbá ọkọ mi ń gbé lọ́dọ̀ wa láti ìgbà tí wọ́n ti fi oko kòkó wọn ní Àìsẹ̀gbá sílẹ̀. Àwọn ni ládàánì mọ́ṣáláṣí tó wà lẹ́yìn ilé wa, inú ọgbà wa ni wọ́n sì máa ń gbà lọ pe ìrun àsùbáà.

Nítorí wọn ni ọkọ mi ṣe ní ká ri iná mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà inú ọgbà náà, irú iná mànàmáná kékeré fóòtì méjìlá tí kì í gbé èèyàn. Ó ní kí n lọ yan èyí tó bá dára. Oríṣi méjì ni mo bá ní ṣọ́ọ̀bù. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀kan pọ́n díẹ̀, ó ní ìbòrí, ilẹ̀ nìkan ló ń tàn sí. Èkejì funfun báláú, kò ní ìbòrí, òkè ló kọjú sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Mo wo èyí tó pọ́n, mo ní àtùpà alákàrà lèyí. Ìyàwó àbúrò ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọ ilé tuntun ní òdìkejì wa, mo sì fẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wa dé ojú fèrèsé rẹ̀. Mo ra funfun.

Láti ìgbà náà ni Bàbá ti ń fẹsẹ̀ kọ. Wọ́n á dúró láàárín ọ̀nà, wọ́n á na ọwọ́ síwájú. Wọ́n ní ojú àwọn ń lọ. Nígbà tó yá, wọ́n fi ìrun pípè lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, wọ́n sì ń kírun nínú yàrá. Ó dùn mí gan-an. Mo ń gbàdúrà fún wọn, mo sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀.

Ìgbà tí wọ́n lọ kí àbúrò wọn ní Ìrò ni ohun tí mo ṣe yé mi. Ata dà sílẹ̀ lọ́wọ́ mi lójú ọ̀nà náà láàfẹ̀mọ́júmọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ṣà á, iná kọ mànà sí mi lójú. Mi ò rí ata, mi ò sì rí ilẹ̀. Bí ojú tèmi bá ń ṣe báyìí, ti arúgbó ńkọ́?

Mo sáré lọ ra èyí tó pọ́n, mo ní kí oníṣẹ́ iná pààrọ̀ gbogbo rẹ̀. Mo sọ fún ọkọ mi pé òjò ló ba ti tẹ́lẹ̀ jẹ́.

Bàbá dé. Ní àsùbáà ọjọ́ kejì, wọ́n rìn dé mọ́ṣáláṣí láìdi ẹnikẹ́ni mú. Wọ́n wá bá mi ní kíṣìnnì, omi wà lójú wọn.

"Ìyàwó mi, uná yìí kéré sí ti tẹ́lẹ̀, mo sì ń rí ulẹ̀. Àdúrà rẹ ló gbà."

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ̀rọ̀. Mi ò sọ. Láti ìgbà tí mo ti wọlé wọn, wọ́n kì í yé bá ọbẹ̀ mi wí, ẹ jọ̀ọ́, oríyìn náà dùn mọ́ mi.

Ohùn wọn ti padà sórí gbohùngbohùn, mo sì ń fi ayọ̀ jí sí i. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ṣe sàráà ìdúpẹ́, wọ́n dárúkọ mi lójú gbogbo jàmáà. Ìyá Sádíà, ará àdúgbò wa tí nǹkan funfun ti bo ojú rẹ̀, wà níbẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ti bá dókítà ṣètò iṣẹ́ abẹ. Ìyá Sádíà wá ní òun ò lọ mọ́, pé Bàbá ò fojú kan abẹ kí wọ́n tó ríran. Ó fẹ́ wá sọ́dọ̀ mi kí n gbàdúrà fún òun lẹ́yìn ìrun Jímọ̀.

Bí mo bá sọ òtítọ́, ojú á ti Bàbá láàárín jàmáà. Bí mo bá dákẹ́, Ìyá Sádíà á fọ́jú sí mi lọ́rùn. Mo mọ̀ pé mo gbọ́dọ̀ sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni kí n kọ́kọ́ sọ fún, báwo ni kí n sì ṣe bẹ̀rẹ̀? Ẹ tètè dá mi lóhùn. Lánàá, ọmọ Ìyá Sádíà gbé adìyẹ wá fún mi, ó ní àwọn ti ń dúpẹ́ sílẹ̀. Mo sì gbà á.